Ṣé Àlejò Ṣì Ni Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá ní Ọsirélíà?

Ní agogo mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 2023, a kún inú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn géètì ilé-ẹ̀kọ́ wa fọ́fọ́. Super Falcons ń bá Ọsirélíà figẹ̀ wọngẹ̀ ní Brisbane nínú ìdíje Ife Àgbáyé àwọn obìnrin. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, ooru ń mú, ẹni tó ni ibẹ̀ sì ti gbowó lọ́wọ́ ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró. Ọsirélíà ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Uchenna Kanu dá a padà kí wọ́n tó lọ sinmi, Osinachi Ohale fi ìkejì lé e. Nígbà tí Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, wá já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, tó sì ta á wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí òun ń dì mọ́ mọ́. Góòlù mẹ́ta sí méjì la fi na onílé nínú ilé wọn.

Ayọ̀ yẹn ò tíì rọlẹ̀ tí ọ̀kan nínú wa fi gbé fóònù rẹ̀ sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Melbourne ti kọ̀wé sí i pé ká má yọ̀ jù, pé àwọn ará ibẹ̀ ò ka sọ́kà sí nǹkan kan, pé footy ni tiwọn. Bí àríyànjiyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwa mẹ́rin tá a jọ kọ èyí ló gbé e dé yàrá, a gbé e dé ilé oúnjẹ, a sì ń gbé e kiri títí di òní. Ìbéèrè náà ò le: ṣé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá bá àṣà eré ìdárayá Ọsirélíà mu, àbí ẹ̀wù àyálò ni wọ́n kàn ń gbé wọ̀ nígbà tí Ife Àgbáyé bá dé?

Ẹ lè ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá gan-an ni. Lára àwọn tá a jọ gbé yàrá kan náà ti wà ní Perth báyìí, àwọn mìíràn wà ní Melbourne àti Adelaide. Àwọn kan lọ kàwé sí i, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan ti bímọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà nínú ẹrù tí wọ́n gbé lọ. Tí orílẹ̀-èdè kan bá ń sọ pé eré tí àlejò fẹ́ràn kò bá òun mu, kí ló ń sọ fún àlejò náà fúnra rẹ̀? Ìdí nìyẹn tá a fi kọ èyí. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, a sì mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn la ti ń wò ó. Síbẹ̀, a ti ka ìtàn wọn dáadáa, a sì ti rí ibi tí a dúró sí.

Ẹjọ́ àwọn tó ní kò bá a mu

Ká má tan ara wa jẹ, ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní ọdún 1858, Tom Wills, tó jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Melbourne pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí ara àwọn agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì má baà dẹ̀ nígbà òtútù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1859, wọ́n kọ òfin eré náà sílẹ̀. Ẹ fi ọdún yẹn wé 1863, tí wọ́n kọ òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá sílẹ̀ ní London. Ìyẹn ni pé footy, tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin, tí èèyàn 18 ń gbá ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ti ní òfin ní ọdún mẹ́rin kí sọ́kà tí gbogbo ayé ń gbá tó ní tirẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n rà lọ́jà ẹlòmíì. Ilé ni wọ́n ti hun ún.

Lọ́dọọdún, àṣekágbá ìdíje AFL máa ń kó nǹkan bí 100,000 èèyàn jọ sí pápá MCG ní Melbourne. Ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria tiẹ̀ sọ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi láti ọdún 2015. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, tí wọ́n ń rántí àwọn ọmọ ogun wọn tó gúnlẹ̀ sí Gallipoli ní 1915, Collingwood àti Essendon máa ń pàdé ní pápá kan náà. Ọdún 1995 ni àṣà yẹn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ìrántí náà bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá gòkè lọ sí New South Wales àti Queensland, rugby league ló jọba níbẹ̀, ìpínlẹ̀ méjèèjì sì ń fi State of Origin dán agbára ara wọn wò láti 1980. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kíríkẹ́ẹ̀tì ló kù. Don Bradman ti kú láti 2001, síbẹ̀ àìmọye ará ibẹ̀ ló mọ 99.94, ìdíwọ̀n eré rẹ̀, lórí bí a ṣe mọ nọ́ńbà fóònù ìyá wa.

Kí ni A-League ní tá a lè gbé síwájú èyí? Líìgì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. AFL ń kó èèyàn tó lé ní 30,000 wá sí ìdíje kan ní ìpíndọ́gba, A-League ò sì sún mọ́ ọn rárá. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni ìtàn: bàbá tó mú ọmọ lọ sí pápá, tí ọmọ náà mú ọmọ tirẹ̀ lọ, tí àwọ̀ ẹgbẹ́ kan di àwọ̀ ìdílé.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ orúkọ. Nínú èdè wa, bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù. Tí o bá ní o fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè irú èyí tó jẹ́. Ní Melbourne, ẹni tó bá sọ "football" ti sọ footy nìyẹn, sọ́kà ló sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ mìíràn dá ara rẹ̀ mọ̀. Ní 2005 ni àjọ tó ń darí eré náà bọ́ orúkọ sọ́kà sílẹ̀, tó sọ ara rẹ̀ di Football Federation Australia. Títí di òní, ìjà orúkọ yẹn ò tíì parí. Orúkọ ń ro ọmọ, ọmọ tó sì ń bá ẹlòmíì du orúkọ nínú ilé kò tíì jókòó dáadáa nínú ilé náà.

Bí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Melbourne ṣe rò ó nìyẹn, ẹni kẹrin nínú wa sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwa mẹ́ta yòókù kọ̀.

Ta gan-an ni àlejò?

Ohun àkọ́kọ́ tá a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé sọ́kà kì í ṣe àlejò àná ní Ọsirélíà. Láti àwọn ọdún 1880 ni wọ́n ti ń gbá a ní Sydney, àwọn awakùsà èédú tó wá láti Scotland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbé e lọ sí agbègbè Newcastle àti Wollongong. Tó bá jẹ́ pé torí pé òkèèrè ló ti wá ni kò fi bá wọn mu, kíríkẹ́ẹ̀tì àti rọ́gbì ńkọ́? Ọkọ̀ ojú omi kan náà ló gbé gbogbo wọn wá. Kí ló dé tí wọ́n fi sọ méjì di ọmọ onílé, tí wọ́n wá ní kí ẹ̀kẹta máa dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Ìdáhùn rẹ̀ ni àwọn tó gbé e dání. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Ọsirélíà ṣílẹ̀kùn fún àwọn ará Yúróòpù torí pé ó nílò òṣìṣẹ́. Àwọn ará Gíríìsì, Ítálì, Kroatíà, Húngárì àti Masidóníà dé. Nílé iṣẹ́, ọ̀gá ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Nílé ìwé, wọ́n ń fi oúnjẹ ọmọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tí wọ́n ti lè sọ èdè wọn láìtijú ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Báyìí ni South Melbourne Hellas ṣe di ti àwọn ará Gíríìsì, tí Marconi àti APIA Leichhardt di ti àwọn ará Ítálì, tí St George Budapest di ti àwọn ará Húngárì, tí àwọn ará Kroatíà sì dá tiwọn sílẹ̀ ní Sydney, Melbourne àti Adelaide. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Houston tàbí ní Peckham mọ ohun tí à ń sọ. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ní àwọn ń wá gbá, ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ń kọ́.

Àwọn tó ti wà nílẹ̀ wá fún eré náà ní orúkọ burúkú. Johnny Warren, tó ti jẹ́ balógun Socceroos rí, tó sì wà nínú ikọ̀ tó lọ sí Jámánì ní 1974, fi orúkọ yẹn ṣe àkọlé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 2002: Sheilas, Wogs and Poofters. Èébú mẹ́ta ni: ọ̀kan fún obìnrin, ọ̀kan fún àjòjì, ọ̀kan fún ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọkùnrin gidi, ọmọ Ọsirélíà gidi, kì í gbá sọ́kà. Ẹ fi èébú mẹ́ta yìí sọ́kàn, a máa padà sídìí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹnì kan wà tí ìtàn rẹ̀ yẹ kó dùn mọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ nínú. Charles Perkins ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1936 ní Alice Springs, ó sì jẹ́ ọmọ àwọn tó ni ilẹ̀ Ọsirélíà kí òyìnbó tó dé. Ó mọ bọ́ọ̀lù gbá débi pé ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ dánra wò. Nígbà tó padà délé, Adelaide Croatia ló gbà á, lẹ́yìn náà ó gbá fún Pan-Hellenic, ẹgbẹ́ àwọn ará Gíríìsì ní Sydney. Owó tó ń rí nídìí bọ́ọ̀lù ràn án lọ́wọ́ láti kàwé ní Yunifásítì Sydney. Ní oṣù Kejì ọdún 1965, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń lọ láti ìlú dé ìlú ní New South Wales láti tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń ya àwọn ọmọ onílẹ̀ sọ́tọ̀. Ní Moree, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ onílẹ̀ wọ odò ìwẹ̀ ìlú pẹ̀lú òyìnbó. Perkins àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ọmọ náà lọ síbẹ̀, wọ́n sì dúró tì wọ́n.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí. Onílẹ̀ gan-an, tí wọn ò gbà kó jókòó nínú ilé bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní àjòjì ló ti rí ìjókòó. John Moriarty, ọmọ onílẹ̀ bíi tirẹ̀, ni wọ́n yàn fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè ní 1960. Harry Williams wọ aṣọ Socceroos, ó sì lọ sí Ife Àgbáyé 1974. Ta ló wá kù tó lè sọ pé eré yìí ò mọ Ọsirélíà?

A ò sọ pé footy ò gba ọmọ onílẹ̀. Àwọn akọni wọn pọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi èyí dù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Adam Goodes, ọmọ onílẹ̀ tó gba àmì ẹ̀yẹ Brownlow lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n fi jẹ oyè Ọmọ Ọsirélíà Tó Pegedé Jù ní 2014. Ní 2015, àwọn òǹwòran ń hó lé e lórí láti pápá dé pápá títí ó fi fi eré sílẹ̀. Ní 2019, AFL tọrọ àforíjì. Eré tí wọ́n hun nílé kò dáàbò bo ọmọ tó nilé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ibi tí eré ti wá díwọ̀n ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí orílẹ̀-èdè.

Wọ́n ní kí wọ́n pa orúkọ bàbá wọn dà

Nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ kí sọ́kà "di ti Ọsirélíà," ọ̀nà tí wọ́n gbà ló dùn wá jù. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n fúngun mọ́ àwọn ẹgbẹ́ pé kí wọ́n bọ́ orúkọ ìlú baba wọn sílẹ̀. Melbourne Croatia di Melbourne Knights, Sydney Croatia di Sydney United. Ní 2003, ìwádìí tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe lórí àjọ náà jáde, Frank Lowy gba àkóso, wọ́n pa líìgì àtijọ́ tì ní 2004, A-League sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sí àyè níbẹ̀ fún South Melbourne, tó ti gba ife líìgì orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì lọ bá Manchester United gbá bọ́ọ̀lù ní Bùràsíìlì ní oṣù Kìíní ọdún 2000. Ní 2014, wọ́n tún gbé òfin kan jáde pé ẹgbẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ mú orúkọ tàbí àmì tuntun tó tọ́ka sí ẹ̀yà tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 2019 ni wọ́n tó fagi lé e.

A gbà pé wàhálà wà nínú ètò àtijọ́. Àwọn ará Kroatíà àti àwọn ará Sábíà gbé ìjà ilé wọn dé pápá nígbà mìíràn, owó náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí. Àtúnṣe pọn dandan. Ṣùgbọ́n ṣé orúkọ ló ń jà?

Ẹ jẹ́ ká wolé tiwa. Shooting Stars ti Ìbàdàn ló kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, ní 1976. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Rangers ti Enugu gba ife kan náà. Gbogbo wa mọ̀ pé Yorùbá ló ń pariwo fún ọ̀kan, tí Ìgbò ń pariwo fún èkejì. Rangers tiẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn Ìgbò fi gbé orí sókè lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ṣé èyí sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti Nàìjíríà? Rárá o. Àárín pápá yẹn gan-an la ti kọ́ bí a ṣe ń bá ara wa du nǹkan láìgbé ìbọn. Ẹni tó bá ní kí Rangers pa orúkọ àti ìtàn rẹ̀ dà kó tó di ọmọ Nàìjíríà, kò mọ Nàìjíríà. Bákan náà, ẹni tó ní kí Hellas gbàgbé Gíríìsì kó tó di ọmọ Ọsirélíà kò mọ Ọsirélíà tó wà lójú rẹ̀.

Ó dùn mọ́ wa pé ní 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje tuntun kan, Australian Championship, South Melbourne, Marconi àti Preston Lions sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n lé jáde ti ń gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé.

Alẹ́ tí gbogbo ìlú jí

Àwọn alátakò máa ń sọ pé ìfẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1997, góòlù méjì ni Ọsirélíà fi ń ṣíwájú Iran ní MCG, Ife Àgbáyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Iran dá méjèèjì padà, ó sì bọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2005, ó kan Uruguay ní Sydney. Mark Schwarzer mú pẹ̀nárítì méjì, John Aloisi gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, wọ́n sì padà sí Ife Àgbáyé lẹ́yìn ọdún 32. Johnny Warren ti kú ní ọdún kan ṣáájú, kò rí i. Ní 2015, wọ́n gba ife Éṣíà nílé. Wọ́n tún ti yege fún Ife Àgbáyé 2026, ìkẹfà léraléra nìyẹn, nígbà tí àwa tí a sọ pé bọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa kò lọ sí ti 2022, tí a ò sì ní lọ sí èyí náà. Ẹ má bínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí wọ́n ń bá Peru du àyè tó kù, Awer Mabil ló gba pẹ̀nárítì kẹfà. Àgọ́ àwọn tó sá fún ogun ní Kakuma, ní Kẹ́ńyà, ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gúúsù Sùdáànù. Ó gbá a wọlé. Lẹ́yìn ìdíje náà ó ní ọ̀nà tí òun fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọsirélíà ní orúkọ ìdílé òun nìyẹn. Ẹni tó bá ní eré yìí ò bá ìdánimọ̀ Ọsirélíà mu, kó sọ ohun tó fẹ́ kí Mabil fi dúpẹ́.

Lẹ́yìn náà ni 2023 dé. Lẹ́yìn tí a nà wọ́n ní Brisbane, àwọn Matildas dìde. Wọ́n na Kánádà ní góòlù mẹ́rin sódo, wọ́n na Dẹ́nmákì ní méjì, wọ́n sì fi pẹ̀nárítì lé Faransé lọ, 7 sí 6. England ló wá dá wọn dúró ní Sydney, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí góòlù tí Sam Kerr ta láti òkèèrè lọ́jọ́ yẹn tó gbàgbé rẹ̀. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 11 ló wo ìdíje yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, ní orílẹ̀-èdè tí kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ètò ìgbàlódé ka àwọn òǹwòran ní 2001, kò sí ètò tẹlifíṣọ̀n tí èèyàn wò tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe footy. Kì í ṣe kíríkẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó ń gbá sọ́kà ni.

Ẹ padà wo èébú mẹ́ta ìjọ́sí. Àwọn tí wọ́n bú ló gbé eré náà débi tó dé.

Ẹ̀bi tiwọn náà

A ò ní bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí Socceroos mú inú gbogbo ìlú dùn ní Qatar, àwọn tó ń darí A-League ta àṣekágbá líìgì fún Sydney fún ọdún mẹ́ta. Àwọn alátìlẹ́yìn bínú. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ méjì ní Melbourne, àwọn òǹwòran ya wọ pápá, wọ́n sì fi garawa irin lu aṣọ́lé Melbourne City, Tom Glover, débi tí orí rẹ̀ fi bẹ́. Gbogbo ìfẹ́ tí Qatar mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para jókòó sídìí iná. Eré tí wọ́n ti ń wá ẹ̀sùn sí lọ́rùn tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹ̀sùn fún ọ̀tá.

Pápá A-League máa ń ṣófo pẹ̀lú, ẹni kẹrin wa kò sì jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀. Ó ní ìfẹ́ tí kì í wá sí pápá ní ọjọ́ Sátidé tí òjò ń rọ̀ kì í ṣe ìfẹ́. Ìdáhùn wa rèé: ẹ lọ wo pápá líìgì tiwa lọ́jọ́ tí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìjókòó ń yán, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kún. Ṣé ẹnikẹ́ni ti tìtorí èyí sọ pé bọ́ọ̀lù ò bá Nàìjíríà mu? Líìgì tó kù díẹ̀ káàtó fi hàn pé àwọn tó ń darí líìgì kù díẹ̀ káàtó. Kò fi hàn pé eré náà kì í ṣe ti ìlú. Ní Ọsirélíà gan-an, kò sí eré ẹlẹ́gbẹ́ kankan tí èèyàn ń gbá tó bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ọmọ tó ń gbá a ní òwúrọ̀ Sátidé, tí bàbá rẹ̀ ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, òun náà ni àṣà. Àṣà kì í ṣe ohun tí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan.

Ibi tí a dúró sí

Èrò wa ni pé ìbéèrè náà gan-an ló wọ́. Bí wọ́n ṣe ń bi í, ó dà bí ẹni pé àga kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, tí footy ti jókòó sórí rẹ̀. Ẹ wo ilé Sam Kerr. Íńdíà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Daniel, gbá footy fún West Coast Eagles nínú AFL. Òun fúnra rẹ̀ fi footy bẹ̀rẹ̀ ní kékeré kó tó bọ́ sídìí sọ́kà. Inú ilé kan náà ni eré méjèèjì ti jáde, wọn ò sì bá ara wọn jà. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Tàbí kí ẹ wo Ange Postecoglou, tí gbogbo wa ń pariwo lé lórí nígbà tó wà ní Tottenham. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e kúrò ní Gíríìsì wá sí Melbourne. South Melbourne ló ti gbá bọ́ọ̀lù, òun ló sì jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ́dún tí wọ́n pàdé Manchester United ní Bùràsíìlì. Òun ló gba ife Éṣíà fún Ọsirélíà ní 2015. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó na Manchester United yẹn kan náà láti gba ife Europa. Tẹ́ ẹ bá ní ẹgbẹ́ àwọn ará Gíríìsì kì í ṣe ti Ọsirélíà, ẹ sọ ibi tí a máa fi ọkùnrin yìí sí.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá bá Ọsirélíà mu. Kò tíì borí footy, kò sì dájú pé ó máa borí rẹ̀ láé, kò sì pọn dandan. Ó bá a mu torí pé òun ló rí bí Ọsirélíà ṣe rí lónìí: orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ará rẹ̀ tàbí òbí wọn ti ibòmíì wá, tí àwọn onílẹ̀ ṣì ń jà fún ìjókòó, tí àwọn obìnrin rẹ̀ ń gbé e sókè lójú ayé. Footy ń sọ ìtàn ibi tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Sọ́kà ń sọ ìtàn àwọn tó dé lẹ́yìn náà. Ìlú tó gbọ́n máa gbọ́ méjèèjì.

Ẹni kẹrin wa ò tíì gbà. Ó ní ká dúró di ìgbà tí ọmọ Melbourne á máa bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ẹgbẹ́ sọ́kà tó ń tì lẹ́yìn kó tó bi í léèrè ti footy. A gbà á láyè, ilé ẹjọ́ wa ò tíì pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Perth, ní Melbourne àti ní Adelaide, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Tí ọmọ yín bá fẹ́ gbá footy, ẹ rà bọ́ọ̀lù tó rí bí ẹyin yẹn fún un, kó lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Tó bá sì jẹ́ ti àfẹsẹ̀gbá ló wù ú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé eré àlejò ni. Ẹ sọ ìtàn Charles Perkins fún un. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Melbourne ti ní òun máa fèsì. A ń retí rẹ̀.